Ohun tí ó Tọ́ láti Retí lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀ Àgbáyé: Olókùn-Ẹṣin Ọba nínú Kíláàsì Amẹ́ríkà

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò pe àlejò ní afọ́jú. Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé ojú nìkan kò tó láti fi mọ inú ilé onílé. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí bá iṣẹ́ àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ àgbáyé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mu gan-an. Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún bá ṣí ìwé tí a hun láti inú ayé àwọn ẹlòmíràn, kí ni ó tọ́ kí olùkọ́ retí lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé kí ó sọ ohun tí ó rí ni, àbí kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń rí i?

Èrò pé lítíréṣọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo àgbáyé ti pẹ́. Ní ọdún 1827 ni Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, ti sọ fún Eckermann pé àsìkò lítíréṣọ̀ àgbáyé ti dé tán. Ní ọdún 2003, David Damrosch tún èrò náà yẹ̀ wò; ó ka iṣẹ́ kan kún lítíréṣọ̀ àgbáyé bí ó bá ti rékọjá ibi tí a ti bí i, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń kà á, yálà ní èdè tí a fi kọ ọ́ tàbí nínú ìtumọ̀. Ìrìn-àjò ìwé ni èrò méjèèjì dá lé. Ibi tí ìrìn-àjò náà parí sí, ìyẹn orí tábìlì ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ni ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún.

Eré-oníṣe Wọlé Ṣóyínká, Death and the King's Horseman, tí ó jáde ní ọdún 1975, ni a yàn ní àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní, ó wà lára àwọn ìwé tí ìlànà ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà dárúkọ fún àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èkejì, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ọdún 1994 pẹ̀lú àkọlé Ikú Olókùn-Ẹṣin, èyí tí ó fún onímọ̀ èdè Yorùbá ní àǹfààní láti gbé ẹ̀dà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì wo ohun tí ó lè bọ́ sọ́nù lójú ọ̀nà.

2. Ohun tí ìlànà là kalẹ̀

Ọdún 2010 ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní Common Core State Standards jáde ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ tí ó lé ní 40 ni ó tẹ́wọ́ gbà á. Àwọn kan lára wọn ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n tún un kọ láti ìgbà náà wá, síbẹ̀ ìlànà náà ṣì jẹ́ ẹ̀rí kedere nípa ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀. Nínú àfikún rẹ̀ kan ni a ti rí àwọn ìwé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Things Fall Apart ti Chinua Achebe wà lábẹ́ kíláàsì 9 àti 10. Eré Ṣóyínká wà lábẹ́ kíláàsì 11 àti 12, níbi tí òun àti Hamlet ti Shakespeare àti Tartuffe ti Molière jọ wà. Àfikún náà ṣàlàyé pé òun kò fi dandan lé ìwé kankan. Àwòkọ́ṣe ni àwọn ìwé náà jẹ́.

Bí a bá kó ohun tí ìlànà náà ń béèrè jọ, wọ́n kò ju márùn-ún lọ tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti ka ìwé kí ó tó wá jókòó sí ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fa ẹ̀rí tí ó múná dóko yọ láti inú ìwé fún ohunkóhun tí ó bá sọ. Ní kíláàsì 9 àti 10, ó gbọ́dọ̀ lè ṣe ìtúpalẹ̀ ojú-ìwòye tàbí ìrírí àṣà kan tí ó hàn nínú iṣẹ́ tí a kọ ní ẹ̀yìn odi Amẹ́ríkà. Ní kíláàsì 11 àti 12, ó gbọ́dọ̀ lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí ẹnu sọ àti ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an. Paríparí rẹ̀, kò gbọdọ̀ jí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Kò sí ẹni tí ó mọ iyì ẹ̀kọ́ tí yóò kọ ìkankan nínú márààrún. Ṣùgbọ́n kí ìlànà dára lórí ìwé jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ó ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan pàtó jẹ́ ọ̀tọ̀. Eré Ṣóyínká dán ìlànà yìí wò, ó sì fi ibi tí ó ti mẹ́hẹ hàn.

3. Àṣà ni àbí ènìyàn?

Ohun tí ó léwu jù nínú ìlànà náà ni gbólóhùn ‘ìrírí àṣà’. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó wá ìrírí àṣà yóò rí i, yóò sì dúró síbẹ̀. Yóò kọ ọ́ pé àwọn Yorùbá gbà pé Olókùn-ẹṣin gbọ́dọ̀ bá ọba rẹ̀ lọ, pé òyìnbó kò gbà bẹ́ẹ̀, pé ìjà sì ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò tíì sọ ohunkóhun nípa eré náà. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti rí èyí tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ sí eré náà, ó bu ẹnu àtẹ́ lu kíkà á bí ìforígbárí àṣà méjì, ó sì ní ìṣèjọba òyìnbó kàn jẹ́ ohun tí ó tanná ran ọ̀rọ̀ ni. Ó wá ku ẹ̀rín pé ìlànà tí ó yan ìwé náà ni ó tún lè ti akẹ́kọ̀ọ́ sínú ọ̀fìn tí òǹkọ̀wé ti fi àmì sí.

Ẹ̀rí inú ìwé gbe Ṣóyínká. Ìran kejì ni Pilkings tó yọjú. Ní ìran kìn-ín-ní, nígbà tí kò tíì sí òyìnbó kankan lórí ìtàgé, Ẹlẹ́ṣin ti ń béèrè aṣọ olówó iyebíye, ojú rẹ̀ sì ti wà lára ọmọbìnrin tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà. Ohun tí yóò so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ayé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọlọ́pàá kankan tó dé. Ní ìran karùn-ún, nínú àtìmọ́lé, ó di ẹ̀bi náà ru òyìnbó, ó gbé e kúrò níbẹ̀ ó dì í ru àwọn òrìṣà, ó sì tún yí i sórí ìyàwó tuntun. Iwájú Ìyálọ́jà ni ó tó jẹ́wọ́ pé ayé wu òun, pé ara òun kọ̀. Ẹni tí ó bá ka àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé ọkàn ènìyàn kan ni eré náà ń tú palẹ̀.

Ìtàn náà ti í lẹ́yìn. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni eré náà ti sú yọ, lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1944. Dúró Ládípọ̀ ti lo ìtàn kan náà ṣáájú Ṣóyínká nínú Ọba Wàjà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ Ulli Beier jáde ní ọdún 1964. Orí òyìnbó aláṣẹ ni Ládípọ̀ gbé ẹrù ẹ̀bi lé jù. Ìtàn kan, àṣà kan, òǹkọ̀wé Yorùbá méjì, ìdájọ́ méjì: bí àṣà bá tó láti ṣàlàyé iṣẹ́-ọnà, kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí?

Àṣà náà pàápàá kò dúró sójú kan. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, ka àwọn tí ń bá Aláàfin kú, Àrẹ̀mọ sì wà lára wọn. Aláàfin Àtìbà ni ó yí èyí padà kí ọmọ rẹ̀ Adélù lè jọba lẹ́yìn rẹ̀. Àtìbà wàjà ní ọdún 1859. Kúrunmí Ìjàyè kọ̀, ó ní àṣà ti bàjẹ́, èyí sì wà lára ohun tí ó fa ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Nítorí náà, kí òyìnbó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ààfin Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ, Yorùbá ti bá Yorùbá jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó bá ọba kú, wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ jagun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ‘àwọn Yorùbá gbà pé’ láìmọ èyí ti pa ẹnu àwọn baba ńlá tí wọ́n jiyàn mọ́.

4. Ohun tí ẹnu sọ àti ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀

Ìlànà kíláàsì 11 àti 12 sún mọ́ òtítọ́ eré yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí a sọ àti ohun tí a ní lọ́kàn kì í ṣe nǹkan tuntun fún ẹni tí a tọ́ nínú èdè Yorùbá. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré náà, ṣùgbọ́n òwe àti oríkì ni Ẹlẹ́ṣin àti Olóhùn-iyọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìtàn ẹyẹ ikú tí Ẹlẹ́ṣin sọ ní ìran kìn-ín-ní jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ẹyẹ náà ké, àgbẹ̀, ọdẹ àti àwọn mìíràn sì ń wí pé kì í ṣe àwọn ni ó ń pè. Àwọn obìnrin ọjà rẹ́rìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ojo àwọn ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ ni òun náà yóò wí bákan náà kí ilẹ̀ tó mọ́, bí kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni èyí, ó sì hàn sí òǹkàwé èdè kéèdè tí ó bá fara balẹ̀.

Èsì Ìyálọ́jà sí ìbéèrè Ẹlẹ́ṣin lórí ọmọbìnrin náà le ju èyí lọ. Kò kọ̀. Ẹni tí ó dúró lẹ́nu ibodè àwọn baba ńlá, a kì í fi nǹkan dù ú. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni ó fi di ọ̀rọ̀ rẹ̀: kí ó ṣọ́ irúgbìn tí yóò fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí rárá sì jẹ́ rárá, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà. Ohun tí Ìyálọ́jà fi ọ̀wọ̀ bò mọ́lẹ̀ ní ìran kìn-ín-ní ni ó tú síta ní ìran karùn-ún, nígbà tí ọ̀wọ̀ ti tán. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá gbọ́ ìbẹ̀rù inú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìbínú ìkẹyìn yóò dà bí ìkà lójú rẹ̀.

Níhìn-ín ni ìtumọ̀ Ìṣọ̀lá ti wúlò. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà jẹ́ ìjòyè. Yorùbá ní ‘o’ àti ‘ẹ’. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ eré náà sí Yorùbá gbọ́dọ̀ pinnu, ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bóyá Ìyálọ́jà ṣì ń bọ̀wọ̀ fún Ẹlẹ́ṣin tàbí kò bọ̀wọ̀ fún un mọ́. Ìpinnu yẹn gan-an ni lámèyítọ́. Olùkọ́ ní Chicago kò nílò láti gbọ́ Yorùbá kí ó tó bi kíláàsì rẹ̀ pé: bí èdè wa bá ní ọ̀rọ̀ méjì fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ọ̀wọ̀, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ ẹni, èwo ni Ìyálọ́jà yóò lò níhìn-ín, kí sì ni ẹ̀rí yín?

5. Àwọn òǹkàwé inú eré náà

Ohun kan wà tí ó mú kí eré yìí yẹ fún kíláàsì lítíréṣọ̀ àgbáyé ju bí ìlànà ti rò lọ: ó kún fún àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbìyànjú láti ka ayé àwọn ẹlòmíràn.

Pilkings ni òǹkàwé burúkú. Ó gba ẹ̀wù eégún lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ó gbé e wọ̀ lọ sí òde ijó. Ẹwà aṣọ náà ni ó rí. Amúsà, ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀, kọ̀ láti sọ̀rọ̀ ikú níwájú ẹni tí ó wọ ẹ̀wù ikú. Gẹ̀ẹ́sì Amúsà kò já geere, àwọn ọmọbìnrin ọjà sì fi í ṣẹ̀sín, nítorí náà ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kà á sí òmùgọ̀. Síbẹ̀ nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba inú eré náà, òun nìkan ni ó mọ̀ pé aṣọ náà ń sọ̀rọ̀.

Jane sàn ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ń béèrè, ó ń tẹ́tí. Ní ìran kẹrin ó sọ fún Olúńdé nípa ọ̀gákọ̀ kan tí ó fi ara rẹ̀ rúbọ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣe àwọn ẹlòmíràn léṣe. Lójú Jane, kò yẹ kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ sọ ẹ̀mí nù. Olúńdé rí ìyè nínú ikú ọ̀gákọ̀ náà. Jane ni ó mú ìtàn náà wá, ó sì wà nínú rẹ̀ gbogbo ohun tí ó nílò láti fi lóye Ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n kò so wọ́n pọ̀. Bí òǹkàwé tí ń tiraka ṣe ń rí nìyẹn: ohun tí yóò là á lójú wà nínú ilé tirẹ̀.

Olúńdé ni òǹkàwé tòótọ́. Ó lo ọdún mẹ́rin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ ìṣègùn, ó wo àwọn ènìyàn náà nínú ogun, ó sì rí ohun tí ó yẹ kí a yìn nínú wọn. Ó lóye wọn láìdi ọ̀kan lára wọn, ó sì lè tako wọn láìkórìíra wọn. Ìparí rẹ̀ burú. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni ó fi ṣe, ó sì gba ipò baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọwọ́ ìparí yẹn, ọ̀nà tí ó gbà wo ayé àjòjì ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ àgbáyé lè fi ṣe àwòkọ́ṣe.

6. Ohun tí ó tọ́ láti retí

Láti inú ohun tí a ti yẹ̀ wò yìí, a lè sọ ohun tí ó tọ́ kí olùkọ́ retí, kí a sì so ojúṣe olùkọ́ mọ́ ọn.

Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka eré náà tán kí ó tó wá, kí ó sì ka ìran kan ó kéré tán sókè ketekete. Òwe àti oríkì jẹ́ ohun àfetígbọ́. Kí ó kọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn. Ẹni tí kò lè pe Ìyálọ́jà kò ní í pẹ́ sọ ọ́ di ‘obìnrin ọjà yẹn’.

Èkejì, kí ẹ̀rí rẹ̀ sọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń bá sọ ọ́, àti ìgbà tí ó sọ ọ́. Nínú eré tí Ẹlẹ́ṣin ti gbé ẹ̀bi kan náà fún ẹni mẹ́ta, gbólóhùn tí a fà yọ láìsọ ẹni tí a sọ ọ́ fún kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta, kí ìdájọ́ rẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí ó dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yára pe àṣà náà ní ìwà ìkà ti ṣe bíi Pilkings. Èyí tí ó ní àṣà wọn nìyẹn, kò kan òun, ti sá fún eré náà ní ọ̀nà mìíràn, nítorí pé Ìyálọ́jà gan-an dá Ẹlẹ́ṣin lẹ́jọ́, Olúńdé náà dá a lẹ́jọ́. Òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ sí ìdájọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ tẹnu wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí ó fi iṣẹ́ wé iṣẹ́: Ọba Wàjà ti Ládípọ̀, àti fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyìí Bándélé darí ní ọdún 2022, nínú èyí tí èdè Yorùbá ti padà sẹ́nu àwọn ẹ̀dá-ìtàn. Kí ó sọ ohun tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan yàn láti tẹnu mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ní ayé tí kọ̀ǹpútà ti lè kọ àròkọ fún ènìyàn, ọwọ́ olùkọ́ ni ìdajì ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ‘Kí ni ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa ikú?’, ìdáhùn rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ jí i. Bí ó bá jẹ́ ‘Kí ni ó fà á tí ẹ̀bi fi ń yí ọwọ́ padà ní ìran karùn-ún?’, àfi kí ó kà á.

Ojúṣe olùkọ́ kò kéré. Eré yìí sọ nípa pípa ara ẹni, àwọn tí yóò sì kà á jẹ́ ọ̀dọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìpẹ́ nínú kíláàsì rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ń bọ̀ fún gbogbo wọn kí wọ́n tó ṣí ìwé. Bákan náà, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá wá lè wà láàárín wọn. Kí a má ṣe sọ ọ́ di agbẹnusọ fún àṣà tí ó lè má tíì fojú rí. Òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan náà ni kí a retí lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé.

7. Ìgúnlẹ̀

Ìlànà Amẹ́ríkà náà kò burú. Ó béèrè fún ẹ̀rí, fún ìfarabalẹ̀ àti fún òtítọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ohun tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ níbi gbogbo ń wá. Ibi tí ó ti kù káàtó ni pé ó lè jẹ́ kí ọmọ kan ka ìwé odindi kan tán láti rí ‘Yorùbá’, kí ó má sì rí Ẹlẹ́ṣin. Ènìyàn tí ẹrù ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, tí ayé dùn mọ́ ọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, wà ní gbogbo ìlú.

Iṣẹ́ ku sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá pẹ̀lú. Bí eré yìí bá ti wọ kíláàsì àwọn ẹlòmíràn, ta ni yóò kọ àlàyé ránpẹ́ lórí àwọn oyè, òwe àti oríkì inú rẹ̀ fún olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè náà? Ta ni yóò gbé ojú-ewé Ìṣọ̀lá sí ẹ̀gbẹ́ ti Ṣóyínká kí ìyàtọ̀ ‘o’ àti ‘ẹ’ lè hàn sí ọmọ tí kò ní irú rẹ̀ nínú èdè tirẹ̀? Àlejò lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan ni bí kò bá ríran. Onílé tí kò tan fìtílà náà ní ìpín tirẹ̀ nínú òkùnkùn náà.